Bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ wa, kí ló kàn? Iṣẹ́ ẹni kẹta nínú páàsì

Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá èyíkéyìí n'Íbàdàn nírọ̀lẹ́ Sátidé, ẹ ó gbọ́ igbe yìí: "Gbé e síwájú! Kí lò ń gbá a sẹ́yìn fún?" Lójú òǹwòran, ojo ni ẹni tó bá gbá páàsì sẹ́yìn tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kóòṣì náà ń pariwo tiẹ̀, pé kí wọ́n má sọ bọ́ọ̀lù nù. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ti pàdé ni ohun tí àwọn kóòṣì ń pè ní ẹni kẹta.

Ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ pọsẹ́ṣàn kúrò nílẹ̀. Tí tẹlifíṣàn bá gbé e jáde pé ikọ̀ kan ní ìdá 70 nínú 100, gbogbo ohun tó sọ ni pé bọ́ọ̀lù pẹ́ lẹ́sẹ̀ wọn. Kò sọ apá ibi tó pẹ́ sí nínú pápá. Nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2018, Sípéènì gbá páàsì tó lé ní 1,000 nínú ìdíje wọn pẹ̀lú Rọ́ṣíà. Ọ̀mì 1-1 ló já sí, pẹnáritì ló sì lé wọn lọ sílé. Ní 2022 wọ́n tún pàdé irú ẹ̀ lọ́wọ́ Mòrókò: páàsì lé ní 1,000, òdo sí òdo, pẹnáritì tún ni. Mòrókò ò bá wọn du bọ́ọ̀lù rárá. Wọ́n kóra jọ síwájú ilé wọn, wọ́n ní kí àlejò máa gbá a yí àwọn ká títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Páàsì ẹ̀gbẹ́ níṣẹ́ tó ń ṣe, àmọ́ ara àwọn alátakò ló ti ń ṣe é. Bí bọ́ọ̀lù bá kúrò lápá ọ̀tún bọ́ sí òsì, gbogbo ẹni tó ń ṣọ́ ilé gbọ́dọ̀ sún tẹ̀ lé e, ẹnìkan á sì pẹ́ díẹ̀. Àlàfo tí onítọ̀hún fi sílẹ̀ la wá. Ìdí nìyẹn tí páàsì ẹ̀gbẹ́ fi gbọ́dọ̀ le, kó sì yá. Èyí tó ń rọra yí gbirigbiri, ìsinmi ni fún àwọn tó ń ṣọ́lé, ká má purọ́, òun ló sì pọ̀ jù nínú èyí tí mò ń rí láwọn pápá wa.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ẹni kẹta fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà 5 wa ní bọ́ọ̀lù lẹ́yìn, nọ́ńbà 8 tó wà láàárín ló fẹ́ gbé e fún, ṣùgbọ́n alátakò kan dúró sí agbedeméjì wọn. Ọ̀nà dí. Dípò kó fi ipá gbá a, á wo nọ́ńbà 9, agbábọ́ọ̀lù iwájú wa, tó sún wá sẹ́yìn, tó kọ ẹ̀yìn sí ilé alátakò, tí difẹ́ńdà sì lẹ̀ mọ́ ọn. Á gbé bọ́ọ̀lù fún un tòun ti difẹ́ńdà náà lẹ́yìn rẹ̀. Àgbàdo tí wọ́n dà sílẹ̀ fún adìyẹ tí wọ́n fẹ́ mú ni páàsì yẹn. Gbogbo ojú á yí sí nọ́ńbà 9, títí kan ojú ẹni tó dínà mọ́ nọ́ńbà 8. Nọ́ńbà 9 ò ní yíjú padà. Ẹsẹ̀ kan péré ló máa fi tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, nọ́ńbà 8 á sì ti ń sáré bọ̀ wá pàdé rẹ̀, á kọjú sí ilé gbọnrangandan. Nọ́ńbà 8 yẹn ni ẹni kẹta. Difẹ́ńdà tó tẹ̀ lé nọ́ńbà 9 jáde ti fi ihò sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀. Nọ́ńbà 7, wíńgà wa, ló máa já gba ibẹ̀.

Níbi táwọn ọmọ wa ti ń pàdánù ẹ̀ ni àkókò. Ẹni kẹta gbọ́dọ̀ ti gbéra nígbà tí bọ́ọ̀lù kúrò lẹ́sẹ̀ ẹni àkọ́kọ́. Bó bá dúró dìgbà tó dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì, ilẹ̀kùn ti padé. Ti nọ́ńbà 7 tún yàtọ̀, nítorí ọ̀fúsáìdì, ìyẹn kéèyàn ti wà lẹ́yìn àwọn difẹ́ńdà kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù sí i. Ìgbà tí ẹsẹ̀ ẹni tó ń gbá páàsì bá kan bọ́ọ̀lù ni réfírì ń wò, kì í ṣe ìgbà tí bọ́ọ̀lù balẹ̀. Nítorí náà kó sáré gba iwájú ìlà àwọn difẹ́ńdà kọjá ná, kó tó wá já sẹ́yìn wọn.

Wíńgà tó dúró létí ìlà náà ń ṣiṣẹ́, bí bọ́ọ̀lù ò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, torí ó ń fa difẹ́ńdà ẹ̀gbẹ́ kúrò lára àwọn tàárín. Àwọn àgbà tó wo IICC Shooting Stars lọ́dún 1976, ọdún tí wọ́n gba ife African Cup Winners' Cup, tí Segun Odegbami ń sáré lápá ọ̀tún, ò nílò kí n ṣàlàyé ìyẹn.

Báwo la ṣe ń kọ́ ọ? Ẹ fàmì sí ilẹ̀ onígun mẹ́rin, mítà mẹ́wàá ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Èèyàn mẹ́rin á wà létí, méjì á wà láàárín tí wọ́n ń wá bọ́ọ̀lù. Rondo ni wọ́n ń pè é, Johan Cruyff sì fi ṣe oúnjẹ òòjọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà tó jẹ́ kóòṣì Barcelona, 1988 sí 1996. Òfin tí mo fẹ́ràn láti fi kún un ni pé páàsì tó bá gba àárín àwọn méjèèjì kọjá nìkan ló ní máàkì. Tí kò bá sí òfin yẹn, etí ni wọ́n máa gbá a yí ká dalẹ́. Lórí ilẹ̀ pupa olókùúta tiwa, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀mejì, ẹsẹ̀ ni mo ń wí. Ẹsẹ̀ kan péré lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìyà ni.

Ojú ló tún kù. Mo wo kóòṣì kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Òkè-Àdó, ó fọn fèrè, gbogbo wọn dúró gbagidi.

"Nọ́ńbà 8, ta ló wà lẹ́yìn rẹ?"

Ọmọ náà yíjú padà láti wò.

"Rárá, má wò ó nísinsìnyí. Kí bọ́ọ̀lù tó dé lo ti yẹ kó o mọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó wá sún èjìká ọmọ náà díẹ̀, kó lè dúró ní ẹ̀gbẹ́, kó fi ẹsẹ̀ tó jìnnà sí ibi tí bọ́ọ̀lù ti ń bọ̀ gbà á. Ìgbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, ọmọ yẹn fi ẹsẹ̀ kan yí, ó ti kọjú síwájú kí ẹni tó ń ṣọ́ ọ tó mira.

Gbogbo èyí ò wúlò tí ọ̀nà bá ti là tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba bọ́ọ̀lù, tí àwọn alátakò ṣì wà káàkiri, páàsì kan gbọọrọ sí nọ́ńbà 7 ti tó. Àwọn òǹwòran jàre nígbà yẹn. Bí wọ́n bá ti padà sípò wọn, ẹ dá a padà fún nọ́ńbà 5, kó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.