Ẹ Má Lé Salmon Kọjá Ẹnu Odò

Ó ti di ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti ń fi ọkọ̀ gbé àwọn oníbàárà lọ pẹja salmon ní ẹnu odò Columbia, níbi tí odò náà ti ń wọ òkun Pàsífíìkì láàárín ìpínlẹ̀ Oregon àti ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà. Kò sí oṣù Kẹjọ kan tí ẹnìkan kì í sọ fún mi pé kí a kọjá àmì orí omi tí à ń pè ní Buoy 10 bọ́ sínú òkun, nítorí pé ẹja ń bẹ lóde. Bí a ṣe ń gé ẹja herring tí a fi ń dẹ salmon kí ó lè máa yí bí ẹja tó fara gbọgbẹ́, ìyẹn ò le. Wákàtí kan péré ni mo fi ń kọ́ni.

Omi gan-an ni ẹ kò kà sí. Nígbà tí òkun bá ń kún, salmon a máa bá a wọlé fúnra rẹ̀, nítorí náà kò sí ìdí tí a ó fi máa lé e. Ṣùgbọ́n nígbà tí omi bá ń fà, omi odò àti omi òkun tó ń padà yóò jọ rọ́ jáde, wọn yóò pàdé ìgbì tó ń ti ìwọ̀-oòrùn bọ̀ lórí yanrìn tí kò jìn, ìgbì tó rọra ń yí ní wákàtí kan sẹ́yìn yóò sì dìde dúró ṣánṣán, yóò wó lulẹ̀ bí ògiri. Nǹkan bí 2,000 ọkọ̀ ni wọ́n ní ó ti rì ní agbègbè yìí láti 1792. Cape Disappointment, tó wà létí ibẹ̀, ni àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà ti ń kọ́ àwọn awakọ̀ ìgbẹ̀mílà wọn. Kì í ṣe nítorí pé omi rẹ̀ tòrò ni wọ́n ṣe yan ibẹ̀.

Síbẹ̀, oníbàárà tí kò wo àkókò omi rárá ni yóò máa tú àpò ẹlòmíràn nítorí ọ̀gẹ̀dẹ̀, pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ inú ọkọ̀ a máa lé ẹja! Mo ti jẹ mẹ́ta tán lójú wọn rí, kí n tó fa salmon tó ju kílò mẹ́wàá lọ wọlé. Àwọn tó ń ta òróró olóòórùn inú ìgò, tí wọ́n ní ó ń fa ẹja, kò sàn jù wọ́n lọ.

Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan bínú nítorí pé mo yí ọkọ̀ padà nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Lọ́jọ́ kejì, òun àti àbúrò rẹ̀ wọ ọkọ̀ kékeré kan, wọ́n sì kọjá síta ní àkókò yẹn gan-an. Ẹ́ńjìnì kú. Orí rédíò ni mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀, mi ò sì lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun ló yọ àwọn méjèèjì láàyè, ọkọ̀ wọn sì rì. Mo bá a ní èbúté nínú bùláńkẹ́ẹ̀tì, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Ó fa ọwọ́ mi, ó ní òun ti mọ ohun tó fà á: àbúrò òun ló fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ pamọ́ sínú àpò oúnjẹ.