Ta Ni À Ń Pè Ní Adógunsílẹ̀?

Adógunsílẹ̀ ni ẹni tó ń ti àwọn ẹlòmíràn sógun, tàbí tó ń sapá kí èyí tó ti bẹ̀rẹ̀ má tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á pọ̀ mọ́ jagunjagun. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ngbé Agbógungbórò ará Iléṣà kó ogun Èkìtì Parapọ̀ lọ kojú Ìbàdàn ní Kírìjí, ṣùgbọ́n lójú tèmi kì í ṣe adógunsílẹ̀: ìnira tí àwọn ajẹ́lẹ̀, aṣojú tí Ìbàdàn fi ń ṣàkóso, mú bá àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ló gbé wọn dìde. Nígbà tí ọ̀rọ̀ àlàáfíà sì dé ní 1886, ìhà méjèèjì tọwọ́ bọ ìwé. Adógunsílẹ̀ kì í fẹ́ kí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ dé.

Ẹnu ni irinṣẹ́ rẹ̀. Á ní ìran àwọn wọ̀nyẹn ò ṣeé bá gbé. Á hú ọ̀rọ̀ àtijọ́ jáde bí ẹni pé àárọ̀ òní ló ṣẹlẹ̀. Lójú rẹ̀, ẹni tó bá ní ká jókòó sọ ọ́, ojo ni, ọ̀dàlẹ̀ ni. Ọmọ tirẹ̀ kì í sábà sí níbi tí wọ́n ti ń yìnbọn.

Àwa ará Ilé-Ifẹ̀ mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń já sí. Ní 1997, ọ̀rọ̀ ibi tí olú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ yóò wà ló tún dá ìjà sílẹ̀ láàárín Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́. Ibi tí ọ́fíìsì máa wà o! Ṣùgbọ́n ìjà ti wà nílẹ̀ láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n sì ti jà ní 1981, nítorí náà ẹni tó fẹ́ dáná kò wá igi gbígbẹ tì. Ìjà náà wọ ọdún 2000. Ilé jóná, ẹ̀mí ṣòfò, ọ̀pọ̀ sá kúrò níbi tí wọ́n bí wọn sí. Ó ṣì ń dùn mí.

Òfin pàápàá mọ irú àwọn adógunsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Abala 20 nínú àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ará ìlú àti ẹ̀tọ́ òṣèlú, tí Nàìjíríà dara pọ̀ mọ́ ní 1993, ní kí òfin ka ìpolongo ogun léèwọ̀.

Lórí WhatsApp, a tètè ń fi orúkọ yìí lu ẹni tí èrò rẹ̀ kò bá tiwa mu. Kò dára. Ẹni tó ní ká ṣọ́ ẹnu ibodè wa kì í ṣe adógunsílẹ̀. Ẹni tó gbé fọ́tò ìjà ibòmíràn wá, tó ní àná ni wọ́n ṣe é fún wa, tó ní ká lọ gbẹ̀san lálẹ́ yìí, òun gan-an ni.