Sípọ́ọ̀ mọ́ọ̀sì lábẹ́ maikirosíkóòpù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù

Ìbéèrè: Mọ́ọ̀sì (ewéko kékeré tí kì í yọ òdòdó) méjì jọra ní ewé àti ní ìdúró. Ṣé sípọ́ọ̀, ìyẹn ẹyọ wẹ́wẹ́ tí mọ́ọ̀sì fi ń bí sí i, lè yà wọ́n sọ́tọ̀?

Ó lè yà wọ́n, lọ́pọ̀ ìgbà. Púpọ̀ nínú sípọ́ọ̀ mọ́ọ̀sì kò ju máíkírómítà (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà) 10 sí 20 lọ, maikirosíkóòpù tó ń lo ìmọ́lẹ̀ kò sì lè fi ohun tó kéré sí nǹkan bíi máíkírómítà 0.2 hàn kedere. Ti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń rí ohun tó kéré jùyẹn lọ fíìfíì. Perine ni kí ẹ tẹjú mọ́: ìpele òde pátápátá, tí àpò sípọ́ọ̀ máa ń tò lé sípọ́ọ̀ lára bó ṣe ń gbó. Kókó wẹ́wẹ́ ló bo sípọ́ọ̀ mọ́ọ̀sì Funaria hygrometrica. Sípọ́ọ̀ Physcomitrium pyriforme, mọ̀lẹ́bí rẹ̀, tóbi jù ú lọ, ó sì lẹ́gùn-ún lára. Nínú àwọn mọ́ọ̀sì Encalypta, ọnà ara sípọ́ọ̀ wà lára ohun tó dára jù láti fi mọ ẹ̀yà kan yàtọ̀ sí èkejì.

Ìbéèrè: Báwo la ṣe ń ṣètò rẹ̀?

Ẹ mú àpò tó ti gbó, tí ọmọrí rẹ̀ fẹ́ já. Ẹ fi abẹ́rẹ́ là á, kí ẹ gbọn sípọ́ọ̀ díẹ̀ sórí téèpù kábọ́ọ̀nù. Díẹ̀ ni o: a ó fi wúrà bò ó kí iná má bàa há sára rẹ̀, èyí tó bá gorí ara wọn kì í sì í gba wúrà yíká. Wúrà tó nípọn tó nánómítà (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún máíkírómítà) 10 sí 20 ti tó. Bó bá nípọn jù, yóò bo kókó wẹ́wẹ́ tí à ń wá. Agbára iná kílófólítì 5 sí 15 ló sábà máa ń dára.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí sípọ́ọ̀ fi rún bíi bọ́ọ̀lù tí atẹ́gùn ti jò?

Omi ti gbẹ kúrò nínú rẹ̀, ògiri rẹ̀ sì wọlé, pàápàá tí kò bá tíì gbó. Ẹ má ṣe ka irú ìhunjọ bẹ́ẹ̀ sí àmì ẹ̀yà rárá. Àṣìṣe yìí ń ba iṣẹ́ jẹ́ gan-an. Ẹ rẹ òmíràn sínú glutaraldehyde (oògùn tí kì í jẹ́ kí ara sípọ́ọ̀ bàjẹ́) ìdá 2.5 nínú 100, kí ẹ gbé e gba inú ethanol (ọtí líle) ìdá 30, 50, 70, 90 dé 100 nínú 100. Lẹ́yìn náà, ẹ fi carbon dioxide olómi rọ́pò ethanol, kí ẹ mú un kọjá ìwọ̀n ooru 31°C àti ìfúnpá báà 74. Níbẹ̀, kò sí ojú omi tí yóò fa ògiri sípọ́ọ̀ wọlé mọ́.

Bí àwòrán bá ń tàn yòò tó sì ń sún kiri, iná ló há sára sípọ́ọ̀. Ẹ dín agbára iná kù tàbí kí ẹ tún fi wúrà díẹ̀ sí i.

Ìbéèrè: Ṣé sípọ́ọ̀ nìkan tó?

Kò tó. Àwọn mọ́ọ̀sì Macromitrium kan ní sípọ́ọ̀ ńlá àti kékeré nínú àpò kan náà. Kékeré ló ń di akọ aràrá tó ń gbé lára abo. Ẹni tó wọn mẹ́ta péré lè pè é ní ẹ̀yà méjì. Ẹ wọn ó kéré tán 20, láti inú àpò tó ju ẹyọ kan lọ, kí ẹ sì wo ewé àti eyín ẹnu àpò pẹ̀lú.