Bí lógò nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń wọ ojú Nokia 3310

Lógò tí a fi pààrọ̀ orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lójú Nokia 3310 kò sí nínú síìmù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ́ ló sì ń gbé e wá nígbà tí a bá tan fóònù. Inú ìrántí fóònù gan-an ló ń gbé. Bí síìmù bá kó lọ sínú fóònù mìíràn, lógò kò ní tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà lásán ni fóònù fi ń dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ̀: 621 ni ti Nàìjíríà, 30 tó bá tẹ̀ lé e jẹ́ MTN, 20 jẹ́ Airtel, 50 jẹ́ Glo. Fóònù á wá orúkọ tó bá nọ́ńbà yìí mu nínú àkójọ tí wọ́n kó sínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, á sì kọ ọ́ sójú. Ṣùgbọ́n bí lógò kan bá wà nípamọ́ tí nọ́ńbà kan náà wà lára rẹ̀, á fi orúkọ sílẹ̀, á gbé lógò síbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé lógò máa ń jóná tí a bá pààrọ̀ síìmù. Irọ́ ni. Bí a bá fi síìmù Glo sínú fóònù tó ní lógò MTN, 621 50 ni fóònù rí, kò sì bá 621 30 ara lógò mu, nítorí náà orúkọ ló máa kọ. Dá síìmù MTN padà, lógò á tún yọjú. Bí fóònù bá kọjá Sẹ̀mẹ̀ wọ ilẹ̀ Benin, lógò á lọ, kódà bó bá jẹ́ MTN ibẹ̀ ló gbé e, torí 616 ni nọ́ńbà ilẹ̀ náà.

Nọ́ńbà kì í tètè yí padà bí orúkọ. 621 20 ni Econet fi bẹ̀rẹ̀ ní 2001. Òun náà ni Vmobile, Celtel àti Zain lò kó tó di Airtel ní 2010. Fóònù tí orúkọ àtijọ́ wà nínú àkójọ rẹ̀ kò mọ̀ pé ohunkóhun ti yí padà. Lógò ni ẹni tó ni ín lè fi bo orúkọ náà láìgbé fóònù lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́.

Àwòrán náà kò tóbi: píksẹ̀lì (ẹyọ àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 72 ní ìbú, 14 ní òòró, dúdú tàbí òfìfo, kò sí àwọ̀ mìíràn. Ojú 3310 jẹ́ 84 sí 48. Píksẹ̀lì 12 tó ṣẹ́kù ní ìbú wà fún àmì agbára nẹ́tíwọ́ọ̀kì lápá òsì àti ti bátìrì lápá ọ̀tún.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 72 sí 14 gan-an? Ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni lógò ń bá wọ fóònù, àtẹ̀jíṣẹ́ kan kì í sì í gbà ju báìtì 140 lọ. Báìtì kan jẹ́ bíìtì 8, bíìtì kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 0 tàbí 1. Lẹ́tà 160 tí a mọ̀ kò ju báìtì 140 yẹn lọ, torí bíìtì 7 ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń gbà. Ẹ wò ó bíi bọ́ọ̀sì tó ní ìjókòó 140 tí kò gba ìdúró. Ìjókòó 7 àkọ́kọ́ jẹ́ ti kọ̀ńdọ́kítọ̀ àtàwọn ènìyàn rẹ̀: 06 05 04 15 82 00 00. 15 82 àárín wọn ni ibùdókọ̀, nọ́ńbà 5506 tá a bá kà á lọ́nà tiwa, òun ló ń sọ fún fóònù pé lógò nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló dé. Bó bá jẹ́ 15 81, ohùn ìpè ni. Bó bá jẹ́ 15 83, àwòrán tó ń yọ nígbà tí ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ kan bá pè ni. Èrò 3 tó tẹ̀ lé e gbé nọ́ńbà nẹ́tíwọ́ọ̀kì dání. Èrò 4 mìíràn, 00 48 0E 01, sọ ìbú, òòró àti iye àwọ̀: lọ́nà tiwa, 48 jẹ́ 72, 0E sì jẹ́ 14. Ìjókòó mélòó ló kù? 126. Ìlà kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán jẹ́ píksẹ̀lì 72, ìyẹn báìtì 9 láìṣẹ́kù, ìlà 14 sì jẹ́ 126. Bọ́ọ̀sì kún, kò sí ìjókòó kan tó ṣófo, kò sì sí ẹnì kan tó dúró sílẹ̀. Ẹni tó ṣe ìṣirò yìí ní Nokia mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú.

Nọ́ńbà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló sábà ń dojú iṣẹ́ rú. Méjì-méjì ni wọ́n ń yí i sódì: 621 30 á di 26 F1 03, Glo á di 26 F1 05. F yẹn kàn ń dí àyè ni. Ẹni tó bá gba lógò tí wọ́n ṣe fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì Finland, tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 244, á rí i pé fóònù gbà á, ó fi í pamọ́, síbẹ̀ kò sí ohun tó yí padà lójú rẹ̀. Lógò náà kò bàjẹ́. Ó ń dúró de nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò sí nílẹ̀ yìí ni.

Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́tà játijàti ló wọlé, ẹni tó fi í ránṣẹ́ ló fi ránṣẹ́ bí ọ̀rọ̀ lásán. Bíìtì 8 ló gbọ́dọ̀ jẹ́, kí àmì tó ń sọ pé orí (báìtì 7 àkọ́kọ́ yẹn) wà lórí ìfiránṣẹ́ náà sì wà níbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fóònù kò ní wo 15 82 rárá. Bí gbogbo rẹ̀ bá dúdú tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì funfun, wọ́n ti gbé 1 àti 0 fún ara wọn. 1 ni dúdú. Àwòrán 78 sí 21 tí a ṣe fún Nokia 7110 tàbí 6210 kò lè wọ àtẹ̀jíṣẹ́ kan: báìtì 205 ni.

Ẹni tó ní kébù tó ń wọ abẹ́ bátìrì 3310 lè yẹra fún àtẹ̀jíṣẹ́ pátápátá. Lórí kọ̀ǹpútà, gnokii, ètò tó ń bá fóònù Nokia sọ̀rọ̀, á ṣe é pẹ̀lú ìlà kan: gnokii --setlogo op logo.nol "621 30". Kí ó tó kan ìyẹn, ẹ ṣọ́ra nínú yíyàwòrán. Píksẹ̀lì 3310 ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ, nítorí náà òbìrí tó rí rìbìtì lórí kọ̀ǹpútà á dà bí ẹyin tó dúró lójú fóònù. Ẹ fún un ní ìbú díẹ̀ sí i. Lẹ́tà tí ìlà rẹ̀ jẹ́ píksẹ̀lì 2 máa ń hàn ju ti píksẹ̀lì 1 lọ nínú oòrùn.

Àléébù ètò yìí ni pé fóònù kì í béèrè ẹni tó fi lógò ránṣẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ báìtì 140 yìí lè fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń dáàbò bo olúwarẹ̀ ni pé fóònù á kọ́kọ́ bi í bóyá kó fi í pamọ́ tàbí kó dà á nù. Bó bá ti fi í pamọ́, tí kò sì fẹ́ ẹ mọ́, ọ̀nà tó rọrùn jù ni kó fi òmíràn tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 000 00 ránṣẹ́ sí i. Àyè lógò kan ṣoṣo ló wà nínú ìrántí, tuntun á gba ipò ti àtijọ́, orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì á sì padà sójú fóònù, torí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń jẹ́ 000 00.