Ibi Tí Kúbùsù Fúyẹ́ Àwọn Apàgọ́ Ti Ṣẹ̀ Wá

Bí ẹ bá bi àwọn tó ń fẹsẹ̀ rin òkè ní Amẹ́ríkà léèrè ibi tí kúbùsù fúyẹ́, ìyẹn èyí tí wọ́n ki ìyẹ́ tàbí òwú àtọwọ́dá sínú, tí wọ́n ń kì bọ àpò ẹ̀yìn wọn ti ṣẹ̀ wá, Ray Jardine, ọmọ Amẹ́ríkà tó gbajúmọ̀ nínú ìrìn ẹlẹ́rù fúyẹ́, ni ọ̀pọ̀ wọn á dárúkọ. N kò bá wọn jà, ṣùgbọ́n ìdajì ìtàn ni wọ́n ń sọ. Ní tèmi, etíkun àríwá Norway ni orírun rẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn obìnrin tó ń tọ́jú pẹ́pẹ́yẹ òkun. Kúbùsù sì ti wà tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó dá àpò ìsùn sílẹ̀.

Eider ni wọ́n ń pe pẹ́pẹ́yẹ náà. Bí abo rẹ̀ bá fẹ́ yé ẹyin, á fi ẹnu já ìhùùhù àyà ara rẹ̀, ìyẹn ìyẹ́ kéékèèké múlọ́múlọ́ tó wà lábẹ́ ìyẹ́ gangan, á fi tẹ́ ìtẹ́. Ní àwọn erékùṣù Vega, òkúta àti pákó ni wọ́n fi ń kọ́ ilé kékeré fún un, wọ́n á sá koríko òkun gbẹ, wọ́n á tẹ́ ẹ sínú rẹ̀. Ní àsìkò tó bá ń sàba, wọn kì í pariwo, wọn kì í sì í jẹ́ kí ajá dé ìtòsí. Ìgbà tí ìyá àtọmọ bá ti padà sókun ni wọ́n tó kó ìhùùhù. Wọ́n á tẹ́ ẹ lé férémù tí wọ́n ta okùn sí, wọ́n á máa fi igi ha okùn náà títí ìdọ̀tí á fi jábọ́. Nǹkan bí 60 ìtẹ́ ló ń di kílò kan. Nígbà tí UNESCO fi Vega sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2004, wọn kò gbàgbé ipa àwọn obìnrin nínú iṣẹ́ yìí.

Báwo ló ti pẹ́ tó? Ní nǹkan bí 890, ọmọ Norway kan, Ottar, sọ fún Ọba Alfred ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí àwọn Sámì, ẹ̀yà kan ní àríwá Norway, ṣe ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún àwọn bíi tirẹ̀: awọ ẹran, okùn ọkọ̀ tí wọ́n fi awọ ẹran òkun ṣe, àti ìyẹ́ ẹyẹ. Òṣùwọ̀n ìyẹ́ mẹ́wàá ni ọmọ ilé ńlá ń mú wá. Kí ni olówó bíi Ottar fẹ́ fi gbogbo ìyẹ́ yẹn ṣe, bí kò ṣe kó sùn sínú rẹ̀, kó sì ta ìyókù? Kò sọ irú ẹyẹ tó jẹ́, àmọ́ bí mo bá wo òkun ibẹ̀, eider ni ọkàn mi ń lọ sí. Ṣáájú Ottar pàápàá, ní ọgọ́rùn-ún ọdún keje, orí ìbùsùn tí wọ́n ki ìyẹ́ sí ni wọ́n tẹ́ àwọn jagunjagun sí nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi sin wọ́n ní Valsgärde, ní Sweden. Wọ́n rí ìhùùhù nínú ọkọ̀ Oseberg ní Norway náà, èyí tí wọ́n sin obìnrin méjì sí ní 834. Mo gbà pé apẹja tó ń sun inú ọkọ̀ aláìlórùlé ló kọ́kọ́ gbé irú kúbùsù yìí jáde nílé. Òtútù òru ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, ọkọ̀ rẹ̀ kò sì láyè fún ẹrù wúwo.

Ní 1749, Thomas Nugent kọ̀wé pé ní Westphalia, ní Jámánì, tìmùtìmù ìyẹ́ kan ni wọ́n ń tẹ́ sábẹ́, wọ́n á fi òmíràn bora. Bí ọ̀rọ̀ ẹni tó dá àpò ìsùn sílẹ̀ bá délẹ̀, àwọn ará Wales máa ń dárúkọ Pryce Pryce-Jones ti Newtown, tó gba ìwé àṣẹ lórí Euklisia Rug ní 1876. Kúbùsù onírun àgùntàn tó ní ìrọ̀rí nínú nìyẹn, kò sí ìhùùhù níbẹ̀. Kò kàn wá.

Àpò ìsùn tó wá gbòde ní àbùkù kan. Afẹ́fẹ́ tí ìhùùhù há mọ́ inú ló ń mú ooru dúró, èyí tí èèyàn bá sì fi ẹ̀yìn tẹ̀ mọ́lẹ̀ ti di pẹlẹbẹ, ẹrù lásán ni. Ẹni tó bá gé abẹ́ àpò náà dànù, tó tẹ́ máàtì sílẹ̀, tó da ìyókù bora, ọ̀nà àwọn ará Westphalia ló padà sí.

Ẹ jẹ́ kí n yà sọ́dọ̀ tiwa díẹ̀. Òwú àràbà tí àwọn ìyá wa ń kì sínú ìrọ̀rí, àwọn òyìnbó náà máa ń rọ ọ́ sínú àpò ìsùn nígbà kan àti ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sómi. Inú fọ́nrán rẹ̀ ṣófo, omi kì í tètè wọ̀ ọ́. Kí wọ́n tó máa yin ohun àtọwọ́dá pé kò bẹ̀rù omi, igi ti ń ṣe é.

Ìyókù ò pọ̀. Whinfield àti Dickson ṣe pọ́lísítà, ìyẹn fọ́nrán àtọwọ́dá kan, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1941. Ìhùùhù tó bá rẹ máa ń lẹ̀ pọ̀, kì í sì í móoru mọ́, nítorí náà ni àwọn ológun Amẹ́ríkà ṣe wá arọ́pò rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, tí òwú àtọwọ́dá tí wọ́n ń pè ní PrimaLoft fi jáde. Jardine àti Jenny ìyàwó rẹ̀ rin Pacific Crest Trail, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà tó ju kìlómítà 4,200 lọ, lábẹ́ kúbùsù kan ṣoṣo tí wọ́n fọwọ́ ara wọn rán, wọ́n sì ń ta aṣọ àti pọ́lísítà rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ rán tirẹ̀.

Pọ́lísítà rọrùn fún ẹni tó ń ránṣọ nílé. Abala ni wọ́n ń tà á: ẹ gé e, ẹ fi náílọ́ọ̀nù bò ó lókè nísàlẹ̀, ẹ rán etí rẹ̀ yíká. Ti ìhùùhù le jù bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rán aṣọ òkè mọ́ tìsàlẹ̀ tààrà, ojú ìránṣọ ni òtútù á ti máa wọlé, nítorí náà ẹ ní láti fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú àárín méjèèjì bí ògiri, kí ẹ wọn ìhùùhù yàrá kọ̀ọ̀kan lórí òṣùwọ̀n, pẹ̀lú fèrèsé títì àti fáànù pípa. Wàhálà náà tọ́ sí i. Bí ooru méjèèjì bá dọ́gba, ti ìhùùhù ló fúyẹ́ jù, bí wọ́n bá sì tọ́jú rẹ̀ kúrò nínú omi, á ṣì máa wú nígbà tí pọ́lísítà tí wọ́n ń fún pọ̀ lójoojúmọ́ bá ti rọ.