Jọ́kì Méjì Ṣẹ Ẹ̀ṣẹ̀ Kan Náà, Kí Ló Dé Tí Ìyà Wọn Ò Dọ́gba?

Àwa Yorùbá tí a wà ní Abuja níbí, bọ́ọ̀lù ló jẹ wá lógún jù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa ń ti Kubwa lọ sí Kaduna tàbí Kano á ti mọ̀ pé àwọn tí a jọ ń gbé lókè yìí ò fi ọ̀rọ̀ ẹṣin ṣeré rárá, àní ní Kano, títì kan ṣì wà tó ń jẹ́ Race Course Road. Ní báyìí tí àwọn ọmọ wa náà ti ń ta tẹ́tẹ́ lórí eré ẹṣin òyìnbó, àríyànjiyàn ò tán mọ́: wọ́n fìyà jẹ jọ́kì tibí, ìyẹn ẹni tó ń gun ẹṣin eré, wọ́n fi tọ̀hún sílẹ̀, ojúsàájú ni, rìbá ni. Mo kó èyí tí wọ́n ń bi mí jù jọ síbí, mo sì dáhùn ẹ̀ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹṣin tó kọ́kọ́ dé ló wọlé? Kí ló tún kù tí wọ́n á máa yẹ̀ wò?

Ẹṣin tó kọ́kọ́ dé ò tíì wọlé o, ìgbà tí àwọn adájọ́ pápá bá fọwọ́ sí i ló tó wọlé. Àwọn adájọ́ yìí, stewards lòyìnbó ń pè wọ́n, wọ́n ní kámẹ́rà tó ń wo eré náà látiwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti látẹ̀yìn, jọ́kì tí wọ́n bá sì dí lọ́nà lè lọ fẹjọ́ sùn fúnra ẹ̀ kí wọ́n tó kéde èsì.

Èyí tó pariwo jù ni Kentucky Derby, eré ẹṣin ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ti ọdún 2019, ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún, ní pápá Churchill Downs. Òjò ti rọ̀, ilẹ̀ ti di ẹrẹ̀ pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Maximum Security ló ń ṣíwájú, Luis Saez ló gùn ún. Bí wọ́n ṣe ń yí kọ́nà tó gbẹ̀yìn, ẹṣin náà kàn ṣàdédé yà síta, ó já síwájú War of Will tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú War of Will sì fẹ́rẹ̀ẹ́ há sáàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Maximum Security. Ẹṣin 19 ló ń sá níjọ́ yẹn, ká ní ọ̀kan ṣubú níbẹ̀ ni, Ọlọ́run ló mọ iye tí ì bá gorí ara wọn. Saez ní ariwo èrò ló dẹ́rù ba ẹṣin òun. Maximum Security ló kọ́kọ́ kọjá ìlà, èrò hó yèè, ni jọ́kì méjì bá lọ fẹjọ́ sùn, ẹni tó gun Country House àti ẹni tó gun Long Range Toddy. Àwọn adájọ́ mẹ́ta jókòó ti fídíò fún nǹkan bíi ìṣẹ́jú 22, wọ́n wá jáde pé àwọn gba ipò kìíní lọ́wọ́ Maximum Security, ó di ẹni ìkẹtàdínlógún, nítorí Long Range Toddy tí wọ́n ló dí lọ́nà ló ṣe ìkẹtàdínlógún, ẹ̀yìn ẹni tó o bá dí lọ́nà ni wọ́n sì ń fi ọ́ sí. Country House tí ẹnikẹ́ni ò kà sí bọ́ sí ipò kìíní, ẹni tó fi dọ́là 2 péré ta á gba dọ́là 132.40.

Ohun tó ya èmi lẹ́nu jù níbẹ̀ ni pé àwọn tó ni War of Will, tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹṣin wọn, wọn ò fẹjọ́ sun ẹnikẹ́ni. Wọ́n dá Saez dúró fún ọjọ́ eré 15. Àwọn tó ni Maximum Security gbé e lọ sí kóòtù ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, kóòtù ní ọ̀rọ̀ adájọ́ pápá ni, àwọn ò dá sí i.

Ìbéèrè: Ká ní ìlú míì ni wọ́n ti sá eré yẹn ńkọ́, ṣé ìdájọ́ kan náà ni?

Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ọ̀kan náà o, ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà, torí àwọn tó ń pariwo ojúsàájú ò mọ̀ pé òfin méjì ni ayé fi ń dájọ́ ọ̀rọ̀ ìdínà. Ní England, Ireland, Australia, Hong Kong, Japan, títí kan France àti Jámánì tí wọ́n dara pọ̀ mọ́ wọn ní 2018, ìbéèrè kan ni adájọ́ máa ń bi ara ẹ̀: tí wọn ò bá dí ẹṣin yìí lọ́nà, ṣé ì bá dé ṣáájú ẹni tó dí i? Tí kò bá dá a lójú pé bẹ́ẹ̀ ni, èsì á dúró bó ṣe wà, jọ́kì nìkan ni wọ́n á bá wí. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, kò dìgbà tó bá dájú pé ì bá borí ẹ, tí ohun tó o ṣe bá ti ba àǹfààní ẹ̀ jẹ́ láti gba ipò tó sàn ju èyí tó gbà lọ, wọ́n lè já ẹ wálẹ̀.

Ẹ wá fi òfin àkọ́kọ́ yẹn wo Derby 2019. War of Will ló ṣe ìkẹjọ lọ́jọ́ náà. Ṣé ẹ lè búra pé ì bá lé Maximum Security bá? Èmi ò lè búra.

Èwo ló wá dáa jù nínú méjèèjì? Àwọn tó fẹ́ràn ti England ní ó ń jẹ́ kí ẹṣin tó dáa jù wọlé, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fojú jọ́kì wò ó: tí mo bá gbá ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú eré ńlá tí mo sì wọlé, owó á wọlé, orúkọ á wọlé, ọjọ́ mélòó kan ni mo máa fi jókòó sílé. Ta ni ò ní ṣe é? Lójú tèmi, òfin tó bá jẹ́ kí èrè ẹ̀ṣẹ̀ ju ìyà ẹ̀ lọ, kò tíì ṣe tán, bó ti wù kí wọ́n máa lò ó bákan náà fún gbogbo èèyàn tó.

Ìbéèrè: Ó dáa, ṣùgbọ́n nínú ìlú kan náà, lábẹ́ òfin kan náà, wọ́n ṣì máa ń dá a yàtọ̀ sí ara wọn. Ìyẹn ńkọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni, kò parọ́. Ẹ wo St Leger ọdún 2015 ní Doncaster ní England, eré tí wọ́n ti ń sá láti 1776. Simple Verse ṣáájú Bondi Beach débẹ̀, gbogbo ohun tó fi ṣáájú ò ju orí ẹṣin lọ. Wọ́n ti kọ lu ara wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí wọ́n tó débẹ̀. Adájọ́ pápá wo fídíò, wọ́n gba ife, wọ́n gbé e fún Bondi Beach. Àwọn tó ni Simple Verse pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, kí ọjọ́ 14 tó pé ìgbìmọ̀ míì jókòó, wọ́n wo fídíò kan náà, wọ́n gba ife padà fún Simple Verse.

Ẹni tó bá fẹ́ pe ìyẹn ní rìbá lè pè é bẹ́ẹ̀, èmi ò ní pè é bẹ́ẹ̀. Òfin yẹn ní kí èèyàn ro eré tí kò ṣẹlẹ̀ rí, eré tí ìdínà ò sí nínú ẹ̀, kó wá sọ ẹni tí ì bá borí níbẹ̀. Èèyàn gidi méjì lè ro ó kí èrò wọn má dọ́gba. Ó dà bíi rẹfirí méjì tí wọ́n wo bọ́ọ̀lù tó kan ọwọ́, ọ̀kan ní ó mọ̀ọ́mọ̀, èkejì ní bọ́ọ̀lù ló lọ bá ọwọ́, VAR wà níbẹ̀ o, ìjà ò tán.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí wọn ò kúkú sọ gbogbo ẹ̀ di nọ́ńbà? Ẹni tó bá kọjá nọ́ńbà, ó jẹ̀bi, ó tán.

Wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ pàṣán. Pàṣán tí jọ́kì ń lò báyìí kì í ṣe kòbókò táwa mọ̀ yẹn, fóòmù ni wọ́n fi bò ó, ariwo ẹ̀ pọ̀ ju oró ẹ̀ lọ bí wọ́n ṣe ń sọ. Ní oṣù kẹwàá 2011, England gbé òfin tuntun jáde: ìgbà méje lo lè na ẹṣin nínú eré orí pápá gbalasa, tí kò ní ìdènà tí ẹṣin á fò, kò sì gbọ́dọ̀ ju márùn-ún lọ ní furlong tó gbẹ̀yìn, ìyẹn nǹkan bíi mítà 200. Láàárín ọjọ́ mélòó kan péré, wọ́n sá Champion Stakes ní Ascot. Christophe Soumillon gun Cirrus des Aigles, ó wọlé, ṣùgbọ́n ó na ẹṣin ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ní furlong yẹn. Ẹyọ kan péré ló fi kọjá. Wọ́n ní kó lọ jókòó fún ọjọ́ márùn-ún, àti pé owó tó kàn án nínú ẹ̀bùn eré náà, tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà 50 pọ́n-ùn, kò ní gba kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Ẹ fojú inú wo nǹkan tí wọ́n ní kó ṣe. Ẹṣin ń sá bíi mọ́tò tó ń lọ ní kìlómítà 60 láàárín wákàtí kan, furlong kan ò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá 12 tàbí 13 lọ, ìjánu wà lọ́wọ́ kan, pàṣán wà lọ́wọ́ kejì, ẹṣin míì ń mí sí ẹ létí, o tún ní láti mọ ibi tí òpó furlong wà gan-an kó o lè bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti oókan. Richard Hughes, jọ́kì ńlá ni, bínú dá ìwé àṣẹ ẹ̀ padà lóṣù yẹn gan-an. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yọ ọ̀rọ̀ furlong tó gbẹ̀yìn yẹn kúrò nínú òfin.

Nọ́ńbà dọ́gba fún gbogbo èèyàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ò lójú, kò mọ ẹni tó na ẹṣin tó ti rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó kàn fọwọ́ kan án pẹ́ẹ́. Láti 2023 ni wọ́n tún un ṣe ní England: ìgbà mẹ́fà fún pápá gbalasa, méje fún eré tí ẹṣin ń fo ìdènà. Tó o bá fi mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kọjá, ẹṣin fúnra ẹ̀ pàdánù, olówó ẹṣin náà á sunkún tiẹ̀. Nínú eré ńláńlá, ìyà jọ́kì di ìlọ́po méjì. Ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo ló sì ń jókòó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ dá gbogbo ẹjọ́ pàṣán láti pápá gbogbo, dípò kí adájọ́ pápá kọ̀ọ̀kan máa dá tiẹ̀ bó ṣe wù ú. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló wù mí jù, torí tó bá jẹ́ àwọn èèyàn kan náà ló ń wò ó lọ́sẹ̀ yìí tí wọ́n á tún wò ó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ojú wọn á mọ́ ọn.

Tó o bá sọdá lọ sí ìlú míì sha, nọ́ńbà yí padà. Òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2022 ní ìgbà mẹ́fà, kò sì gbọ́dọ̀ ju méjì tẹ̀ léra kó o tó fún ẹṣin láyè. Australia ní ìgbà márùn-ún kó tó ku mítà 100, lẹ́yìn ìyẹn ó kù sí ẹ lọ́wọ́.

Ìbéèrè: Ẹ má tàn wá, àwọn jọ́kì olókìkí ńkọ́? Ṣé wọn kì í ṣojúsàájú fún wọn?

Soumillon yẹn náà ni mo tún máa lò. Ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 2022, ní Saint-Cloud ní France, ó fi ìgúnpá ti jọ́kì ẹgbẹ́ ẹ̀, Rossa Ryan, kúrò lórí gàárì nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́. Gbogbo ayé rí i. Ryan ṣubú, Ọlọ́run yọ ọ́. Wọ́n dá Soumillon dúró fún oṣù méjì. Ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ni wọ́n sá Arc ní Paris, eré tó tóbi jù ní France, ẹ sì rí Soumillon lórí Vadeni, ó ṣe ipò kejì!

Àlàyé wọn ni pé ìdádúró kì í bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó di ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹni tó bá fẹ́ pe ẹjọ́ lè ráyè pè é. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún gbogbo èèyàn nìyẹn, olókìkí àti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ò ní ẹṣin tó máa gùn nínú Arc, nítorí náà ta ló jàǹfààní ọ̀sẹ̀ méjì yẹn? Ìlànà dọ́gba, ibi tó bọ́ sí ò dọ́gba. Ilé Aga Khan tó ń gbà á síṣẹ́ ló tiẹ̀ ṣe é tó dùn ún, wọ́n já àdéhùn tó wà láàárín wọn.

Ìbéèrè: Mo wà ní Kaduna, mo fẹ́ ra ẹṣin kan pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mi ọmọ Hausa, wọ́n ní ká mú un wá sí sukuwa, ìyẹn eré ẹṣin tàwọn Hausa. Kí ni kí n bèèrè?

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé hawan Sallah, ìwọ́de ẹṣin ọdún Sallah, ọ̀tọ̀ ni, kì í ṣe ìdíje, ẹwà àti ọlá ni wọ́n fi ń hàn níbẹ̀. Polo náà ọ̀tọ̀, bíi tàwọn Guards Polo Club lọ́dọ̀ wa ní Abuja, rẹfirí méjì ló ń gun ẹṣin wọ inú pápá, ẹnì kẹta á jókòó síta tí ìyapa bá wà láàárín wọn, ètò yẹn dáa gan-an. Ní ti sukuwa, ẹ bèèrè ẹni tó máa dájọ́ ní ìlà, kẹ́ ẹ sì bèèrè bóyá òun tàbí ẹbí ẹ̀ ní ẹṣin nínú eré náà. Kẹ́ ẹ bèèrè bóyá ẹnì kan máa fi fóònù ya fídíò láti kọ́nà, torí kọ́nà ni wọ́n ti ń dí ara wọn lọ́nà, kì í ṣe ibi tí èrò pọ̀ sí. Kí wọ́n sì sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí owó ẹ̀bùn tí ẹjọ́ bá ṣẹlẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́ kí ẹ tó di gàárì.

Ìbéèrè: Tí wọ́n bá yí èsì padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, owó tẹ́tẹ́ mi ńkọ́?

Ó ti lọ nìyẹn, ọ̀rẹ́ mi. Èsì tí wọ́n bá kéde lọ́jọ́ eré ni wọ́n fi ń san tẹ́tẹ́, ohunkóhun tí ìgbìmọ̀ tàbí kóòtù bá sọ lẹ́yìn ìyẹn, owó ẹ̀bùn àti orúkọ nìkan ló ń yí padà. Medina Spirit ló wọlé ní Kentucky Derby 2021, wọ́n bá oògùn betamethasone lára ẹ̀, ọdún 2022 ni wọ́n tó gba ipò lọ́wọ́ ẹ̀ fún Mandaloun. Àwọn tó ti ta Medina Spirit ti náwó wọn tán nígbà yẹn, wọn ò ní dá kọ́bọ̀ padà, àwọn tó ta Mandaloun sì ti ju tíkẹ́ẹ̀tì wọn nù tipẹ́.