Bí yanrìn ṣe ń di gaàrí lọ́wọ́ ọmọdé

Níbi tí wọ́n ti ń yan gaàrí ní àwọn abúlé ẹ̀bá Ìjẹ̀bú-Igbó, iṣẹ́ méjì ló máa ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ìyá ń yan tiwọn nídìí agbada, àwọn ọmọ ń yan tiwọn lẹ́yìnkùlé. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 5 kan á bu yanrìn tútù sínú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, á lọ́ ẹnu rẹ̀ pọ̀, á gbé òkúta lé e. "Ó di ọ̀tunla kó tó kan," ni yóò wí. Kó tó pa ẹnu dé, ọ̀tunla ti pé. Á gbé òkúta kúrò, á jọ yanrìn náà nínú agolo mílíìkì tí wọ́n ti fi ìṣó lu nídìí, á dà á sórí ìdérí ike ọ̀dà, á wá mú àfọ́kù igbá, á máa fi rò ó lọ, rò ó bọ̀. Nígbà tó yá, á fi ìka kàn án, á yára fa ọwọ́ yọ, á fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ó gbóná!

Yanrìn náà tutù bí omi àmù. Ọmọ náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà rò pé ọmọ tó ń ṣe irú eré yìí kò tíì mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tó wà àti ohun tí kò sí. Bó bá jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́n ni, yóò kàn bu yanrìn sẹ́nu. Èyí tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ìka yìí di nǹkan méjì mú pọ̀: ohun tó wà níwájú rẹ̀, àti ohun tó fi ojú inú rí. Kò sì jẹ́ kí ọ̀kan da èkejì rú. Iṣẹ́ ńlá ni fún orí kékeré bẹ́ẹ̀.

Ọgbọ́n yìí kì í dé lọ́jọ́ kan. Ọmọ tó ti tó ọdún kan máa ń gbé ife òfìfo sẹ́nu, á ṣe bí ẹni ń mu nǹkan, á wá rẹ́rìn-ín. Ife gidi ni, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń mu. Láàárín oṣù 18 sí 24, ife ọ̀hún á kúrò lẹ́nu tirẹ̀, á di ẹnu ọmọláǹgidi. Àsìkò yìí náà ni nǹkan kan ń bẹ̀rẹ̀ sí í dúró fún òmíràn: kùùkù àgbàdo á di ọmọ, wọ́n á fi àkísà pọ̀n ọ́n.

Níbẹ̀rẹ̀, ohun tí ọmọ mú gbọ́dọ̀ jọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ọmọ ọdún méjì á gbà kí pátákó pẹlẹbẹ jẹ́ fóònù, torí pé ó ṣeé gbé sétí. Bí ẹ bá ní kó fi bọ́ọ̀lù ṣe fóònù, ó ṣeé ṣe kó kàn máa wò yín. Bó ṣe ń dàgbà ni ìjọra náà ń dín kù, títí tí kò fi ní í nílò nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́. Ibì kan wà láàárín ọ̀nà yìí tó dùn ún wò gan-an. Ẹ ní kí ọmọ ọdún 3 ṣe bí ẹni ń fọ eyín, kí ẹ má fún un ní nǹkan kan. Ìka ni yóò kì bọ ẹnu. Ìka ti di búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ wá sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún 7. Ìyẹn á ká ọwọ́ bí ẹni mú búrọ́ọ̀ṣì dání, á sì fi àyè sílẹ̀ láàárín ọwọ́ àti eyín fún búrọ́ọ̀ṣì tí kò sí níbẹ̀.

Kí ló wá ń sọ igi di ẹṣin? Lev Vygotsky, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ará Rọ́ṣíà tó kú ní 1934, ti sọ̀rọ̀ yìí ní 1933. Ó ní igi èyíkéyìí lè di ẹṣin lọ́wọ́ ọmọdé, àmọ́ káàdì pélébé kò lè dì í, torí kò sí bí ọmọ ṣe lè gùn ún. Ohun tí ara lè fi nǹkan ṣe ló ṣe pàtàkì. Lójú Vygotsky, igi náà dà bí ìkọ́ tí ọmọ fi ń já ìtumọ̀ "ẹṣin" kúrò lára ẹṣin gidi, kó lè máa gbé e kiri.

Ẹni tó bá wà ní Ìjẹ̀bú-Òde lẹ́yìn Ojúde Ọba á rí i kedere. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, àwọn ìdílé Balógun ti gun ẹṣin wá kí Awùjalẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, imọ̀ ọ̀pẹ ni ẹṣin ládùúgbò. Ọmọkùnrin á ki í bọ itan, á so àkísà aláràbarà mọ́ iwájú rẹ̀, ewé tó kù lẹ́yìn á di ìrù, á máa gbá eruku. Kò kàn ní máa sáré lásán o. Á dúró, á gbọn orí igi náà sókè, á fi ẹsẹ̀ jó lójú kan, torí ó ti rí i pé bí ẹṣin Ojúde Ọba ṣe ń ṣe nìyẹn. Ìbọn kò sí; ẹnu ló fi ń yìn ín.

Ìbéèrè tó le wà níbẹ̀, Alan Leslie, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ló sì gbé e kalẹ̀ ní 1987. Ìgbà tí ọmọ ń bẹ̀rẹ̀ eré yìí náà ló ń kọ́ orúkọ nǹkan. Bó bá rí ìyá rẹ̀ tó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sétí tó ní "Hẹ́lò", kí ni kò jẹ́ kó gbà pé fóònù ni wọ́n ń pe ọ̀gẹ̀dẹ̀? Ìdáhùn Leslie ni pé ọpọlọ máa ń ya ọ̀rọ̀ eré sọ́tọ̀, kó má bàa da ti gidi láàmú. Ó dán àwọn ọmọ kéékèèké wò. Wọ́n ṣe bí ẹni rọ tíì sínú ife méjì, wọ́n dojú ọ̀kan dé, wọ́n gbọ̀n ọ́n, wọ́n tún un gbé kalẹ̀. "Èwo ló ṣófo?" Èyí tí wọ́n dojú rẹ̀ dé làwọn ọmọ ń tọ́ka sí. Bẹ́ẹ̀, kò sí ẹ̀kán tíì kan nínú méjèèjì.

Bí ọmọ bá ti ju ẹyọ kan lọ, àdéhùn á wọ̀ ọ́. "Ká ní èmi ni Ìyá Oníkọ́kọrẹ́, ẹ̀yin wá rà." Ẹrẹ̀ ni ìkọ́kọrẹ́, èèpo igi ni ẹja, ewé sì ni owó. Ní Ṣágámù, òkúta wẹ́wẹ́ lè di obì, kí wọ́n máa kà á ní ìkọ̀ọ̀kan bí àwọn ìyá wọn ṣe ń kà á. Ẹni tó bá ṣe ohun tí kò bá ipò rẹ̀ mu, wọn ò ní gbà fún un. Ọmọkùnrin tí kì í lè jókòó ìṣẹ́jú méjì nídìí oúnjẹ á jókòó lórí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀, kò ní mira, torí òun ni Kábíyèsí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á dọ̀bálẹ̀ fún un. Ibo ni ẹ̀gbọ́n tún ti ń dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò nílẹ̀ wa?

Ìdí nìyí tí fóònù oníke tó ń kọrin fi máa ń tètè sú ọmọ. Fóònù ni lánàá, fóònù ni lónìí. Pátákó pẹlẹbẹ lè jẹ́ fóònù láàárọ̀, kó di áyọ́ọ̀nù lọ́sàn-án, kó sì kó èrò lọ sí Ìkẹ́nnẹ́ lálẹ́. Kí òbí má wulẹ̀ náwó púpọ̀. Kó má kó agolo òfìfo dànù, ó tó.

Àmọ́ ẹ lu etí agolo náà wọlé kó má gé wọn lọ́wọ́. Ẹ má fi bátìrì kékeré tàbí ohunkóhun tó lè há lọ́fun sílẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rá bọ́ sí wọn lórí. Bí wọ́n bá ń fi ewé gbágùúdá se ẹ̀fọ́, ẹ dúró tì wọ́n: májèlé wà nínú gbágùúdá tútù, ewé àti iṣu rẹ̀, wọn ò sì gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò.

Àgbàlagbà tí wọ́n bá pè wá jẹun kò ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe. Kó fi ọwọ́ méjèèjì gba abọ́, kó béèrè iye tí wọ́n ń tà á, kó ní ó kan dáadáa. Bó bá wá gbé abọ́ náà sún mọ́ ẹnu jù, ọmọ tó ta gaàrí fún un á yára di ọwọ́ rẹ̀ mú: "Ẹ má gbé e mì o! Yanrìn ni."